Sọ́fítíwíà Tó Gé Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Dànù

Ayọ̀wálé, má kí mi. Má wulẹ̀ kí mi rárá, mi ò wá kí ẹ, ẹjọ́ ni mo wá rò, láti Ìkọ̀lé ni mo ti ń rò ó bọ̀ lórí ọ̀kadà títí mo fi dé Ọ̀yẹ́ níbí, ọlọ́kadà gan-an ti bá mi káàánú. Mi ò jókòó. Omi kẹ̀? Mi ò mu omi. Wo agbádá yìí. Wo àyà rẹ̀ dáadáa. Kí lo rí? Iyẹ̀pẹ̀ ni, àbí? Iyẹ̀pẹ̀ pupa Ìrèlé ni, ti iwájú ilé bàbá Morẹ́nikẹ́, mi ò tíì fọ̀ ọ́, mi ò sì ní fọ̀ ọ́, torí òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù fún mi láyé.

Ìgbà méje ni mo dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ yẹn. Méje! Èmi Olúmúyìwá, tíṣà jọ́gíráfì, tí ọmọ ilé-ìwé ń dọ̀bálẹ̀ kí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Morẹ́nikẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin kan tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé jẹnẹrétọ̀ ló wá tún ṣe. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ló bá mi nà gbalaja. Àfi ìwọ. O ní ṣòkòtò rẹ fún, pé bí o bá dọ̀bálẹ̀ ó máa ya, o wá lọ dúró ti kúlà mọ́ín-mọ́ín. Mi ò bínú nígbà náà, mo ní ọ̀rẹ́ mi ni.

Ṣebí o mọ̀ pé tìtorí Ìyá Àgbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ DVD yìí ṣe wáyé. Ìyá tó bí ìyá Morẹ́nikẹ́, tó wà ní Odò-Orò, òun ló tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Orúnkún ò jẹ́ kó lè wá sí Ìrèlé. Ó ní ká ká a sínú àwo fún òun, òun ò fẹ́ ti fóònù, ènìyàn inú fóònù ti kéré jù lójú òun, òun ní ẹ̀rọ àwo, òun ní tẹlifíṣọ̀n, òun fẹ́ fi ojú òun méjèèjì rí bí ọkọ ọmọ òun ṣe dọ̀bálẹ̀, kí òun tó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá yẹn fẹ́ rí nìyẹn, Ayọ̀wálé. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe aṣọ. Ìdọ̀bálẹ̀ ni.

Moyọ̀sọ́rẹ àbúrò mi fi fóònù ya wákàtí mẹ́ta. Ṣé kò yà á dáadáa ni? Ó yà á. Ó wá ku sọ́fítíwíà tí a ó fi gé e, tí a ó fi kó o sórí àwo. Mo wá bá ẹ níbí, torí ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Mẹ́ta lo gbé síwájú mi. Àkọ́kọ́, ti ọ̀fẹ́, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ gàdàgbà sí iwájú orí gbogbo ènìyàn, bàbá Morẹ́nikẹ́ wá dà bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo ní rárá. Èkejì, bọ́tìnì inú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ènìyàn ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, òun ló máa sọ ohun tó máa kù àti ohun tó máa lọ. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? O ní ó máa gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin, o ní kí ló dé tí mo fẹ́ràn ìyà báyìí. Lo bá ṣí ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta, èyí tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ. O ní ó ń dá ṣiṣẹ́ ni. O ní ojú ènìyàn ló ń wá, ibi tó bá ti rí ojú tó hàn dáadáa ló ń mú, ibi tí kò bá ti rí ojú, ó gbà pé ìdọ̀tí ni, á gé e dànù. O ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Èmi náà, ọ̀dẹ̀, mo bá ẹ rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì, ọmọ Èkìtì, tí wọ́n ti ń tì wá lórí mọ́lẹ̀ kí àgbà láti ìgbà tí a ti ń rá kòrò, a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó rántí nínú wa pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wò. Sọ́fítíwíà náà bi ẹ́ pé ṣé kí òun pa ìyókù rẹ́ kí àyè lè wà, o tẹ bẹ́ẹ̀ ni. O ní kí Moyọ̀sọ́rẹ náà pa ti fóònù rẹ̀ rẹ́, pé ó ti wà lórí àwo. Mo ní ká wò ó kí n tó gbé e lọ, o ní kí ni mo fẹ́ wò, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó dáa, mo gbà, èmi náà ò wò ó. Má fi ìyẹn bú mi, mo ti fi bú ara mi tó.

Àná la wò ó, ní Odò-Orò. Ìyá Àgbà wà láàárín, èmi lápá kan, Morẹ́nikẹ́ lápá kejì. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí yí. Àwòrán ọkàn ló kọ́kọ́ jáde, ọkàn pupa, wọ́n ń fò kiri bí eṣinṣin. Ta ló ní kó kó ọkàn sí i? Ó dáa, a wọlé. Mo dúró ṣánṣán níwájú bàbá Morẹ́nikẹ́, fìlà wà lórí mi. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti jókòó. Kò sí àárín. Mo dúró níwájú ìyá rẹ̀, mo ti jókòó. Ìgbà méje ni mo dúró bí òpó iná, ìgbà méje ni mo jókòó bí ọba. Èyí tó wá burú jù ni ti bàbá rẹ̀. Ojú bàbá hàn dáadáa, sọ́fítíwíà rẹ fẹ́ràn ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló mú, gbàgàdà, níbi tó ti ń sọ pé ẹ dìde, ẹ dìde, ó tó o. Ó wá gbé ìyẹn lẹ̀ mọ́ ibi tí a ti ń jẹun. Bàbá arúgbó ń bẹ̀ wá pé ká dìde, a ò dìde, à ń gbé mọ́ín-mọ́ín mì.

Ìyá Àgbà nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ká dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ yìí ò ní ẹ̀kọ́ ulé.” Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ó sì dùn mí ju kó pariwo lọ. Morẹ́nikẹ́ ní òun wà níbẹ̀, òun rí i tí mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà ní ìfẹ́ ti fọ́ ọ lójú. Mo fi agbádá hàn án, ó ní iyẹ̀pẹ̀ wà níbi gbogbo, ẹni tó bá ṣubú náà máa ń ní i láyà. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ló máa ń dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ayọ̀wálé! Morẹ́nikẹ́ sì ní òun ò lè lọ sílé ọkọ láìsí ọwọ́ ìyá náà lórí òun, mi ò bá a jà, ta ló tọ́ ọ? Ẹkún ló sun títí a fi dé títì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ọmọ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní òmíràn tí mo fẹ́.

Má sọ pé o máa tún un ṣe. Kí lo máa fi tún un ṣe, nígbà tó o ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́? Sọ́fítíwíà mìíràn ti jáde? Kó padà síbi tó ti jáde. Má ṣí kọ̀ǹpútà yẹn níwájú mi, mo fi Ògún búra, màá gbé e jù sí ìta.

Mi ò tíì parí. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ojú rẹ̀ hàn jù nínú àwo náà? Ẹni tí kò dojú kọlẹ̀ rárá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Ìwọ ni. Ìwọ oníṣòkòtò fífún. Odindi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń gbé ojú rẹ hàn níbi tí o ti ń jẹ mọ́ín-mọ́ín, ọkàn pupa ń fò yí orí rẹ ká. Ìyá Àgbà ní ká dá a dúró níbẹ̀. Ó sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Èyí ńkọ́? Ẹ wo bó ṣe ń jẹun tọkàntọkàn.” Ó ní ẹni tó bá mọ oúnjẹ í jẹ báyìí, á mọ aya í tọ́jú. Ó bi Morẹ́nikẹ́, lójú èmi Olúmúyìwá, pé ṣé èyí ti láya sílé.

O ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́ ẹ dáadáa.

Lọ́la, aago méje àárọ̀, èmi àtìwọ, Odò-Orò. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí àyà rẹ kan ilẹ̀, kí ìyá náà rí ìpàkọ́ rẹ. Wàá fẹnu ara rẹ sọ fún un pé ìwọ lo yan sọ́fítíwíà, pé kò sí ojú lára ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gé wa dànù. Wàá sọ pé o ò fẹ́ Morẹ́nikẹ́. Wàá ní o ní àfẹ́sọ́nà, bí o ò tiẹ̀ ní. O ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí á fi gbé ọwọ́ lé wa lórí. Ó ti ní òun máa gún uyán dè ẹ́. Dè ẹ́ o, kì í ṣe dè mí. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òkèlè kan péré tí ìyá yẹn bá rí ọ tí o gbé sẹ́nu, mo ti pàdánù ìyàwó nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi rèé, irin ni, fẹnu kàn án kí o búra.

Kí ni? Tún un sọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ìgbà yìí wá, Ayọ̀wálé, “Ọbẹ̀ wo ni?” lo rí bi mí? Há. Há há há. Ẹ gbà mí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, orí mi ti dàrú. Gbé omi yẹn wá jàre.

Ẹ̀gúsí ni. Ẹran ìgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Wọ ṣòkòtò tó fẹ̀.