Bí Mo Ṣe Wó Ilé Bi Mwanaidi

Ẹ gbé omi yẹn kúrò lẹ́nu mi. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ mí, ọ̀rọ̀ ló há sí mi lọ́fun, bí mo bá sì tún gbé e mì lónìí, a jẹ́ pé èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa wọ sàréè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ bíríkìlà, lèmọ́mù wa, àti ìwọ Somoe tí mo ránṣẹ́ sí, tó o sì wá láìbéèrè ìdí, ẹ sún mọ́ mi. Fundi Lali ni gbogbo yín ń pè mí, ọ̀gá bíríkìlà tó kìlọ̀ pé ilé Bi Mwanaidi, ìyá Somoe, máa wó, tó sì wó lóòótọ́. Ọjọ́ náà lorúkọ mi kárí erékùṣù Lamu. Bí àwọn tó ń kọ ìtàn ilé àtijọ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí wọn sí. Èmi á jókòó, máa fọwọ́ pa irùngbọ̀n, máa sọ fún wọn pé ogbó ló pa ilé yẹn, pé igi àjà rẹ̀ ló jẹrà. Irọ́ ni. Igi àjà ilé yẹn le ju eegun mi lọ. Èmi ni mo wó ilé náà. Ẹni tó kú sínú rẹ̀, èmi ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, ẹ ò lè mọ irú ilé tí mò ń sọ. Yàrá kan lẹ́yìn yàrá kan ni, gbogbo wọn gùn, wọn ò sì fẹ̀, nítorí ibi tí igi etí òkun tí a fi ń ṣe àjà bá gùn mọ ni yàrá lè fẹ̀ mọ. Bó o bá ṣe ń wọnú sí i ni ojú ọ̀nà ń ṣókùnkùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọlá ibẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ògiri yàrá tó gbẹ̀yìn funfun báláú, àwọn pẹpẹ kéékèèké tí wọ́n fi ẹfun mọ sára rẹ̀ tò láti ilẹ̀ dókè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ìyàwó jókòó kí àwọn obìnrin wá wò ó, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wẹ òkú ará ilé. Ilé ọmọbìnrin sì ni. Ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọwọ́ ìyá Bi Mwanaidi ló ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, Somoe ọmọ rẹ̀ tó jókòó síhìn-ín ni ì bá sì gbà á.

Èmi ńkọ́? Abẹ́ òrùlé ewé àgbọn lẹ́yìn ìlú ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọmọ ẹrú ni wọ́n ń pè wá. Àwa là ń sun òkúta òkun di ẹfun, àwa là ń mọ ògiri, àwọn ọlọ́lá ló ń sùn sínú rẹ̀. Nígbà tí mo di géńdé tí ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́, mo wẹ̀, mo wọ kansú, ẹ̀wù funfun gígùn, mo lọ bá Bi Mwanaidi pé Somoe ni mo fẹ́ fẹ́. Somoe, ìyá rẹ kò sọ fún ọ rí, àbí? Mo mọ̀ pé kò sọ. Kò bú mi o. Ó gbé kọfí àti haluwa aládùn síwájú mi. Ó ní, "Lali, ọwọ́ rẹ dáa, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ilé òkúta kọ́ ló ń gbé e. Mu kọfí rẹ, kó má tutù." Mo mu ún. Títí dòní ni mo ṣì ń mu kọfí yẹn.

Àwọn ọdún kọjá, o fẹ́ ọkọ, ó wá ń bá yín gbé nílé ìyá rẹ, èmi náà gbéyàwó. Ìgbà yẹn ni Jaffar ti Mombasa dé, ọkùnrin tó ń ra ìlẹ̀kùn àtijọ́ fún àwọn olówó. Ìlẹ̀kùn ilé Bi Mwanaidi wọ̀ ọ́ lójú gan-an: òdòdó àti ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbẹ́ yí férémù rẹ̀ ká, àtẹ́rígbà rẹ̀ sì nípọn bí itan akọ màlúù. Ó lọ bá ìyá náà. Bi Mwanaidi fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìlẹ̀kùn nìkan lo fẹ́? Àwọn ìyá mi tó ti gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́, ṣé o ó rà wọ́n mọ́ ọn?" Jaffar wá mi wá sétí òkun. Ó ní, "Fundi, ìwọ lo máa ń yẹ ilé yẹn wò kí òjò tó dé. Ẹni tílé rẹ̀ fẹ́ wó kì í ṣagídí lórí ìlẹ̀kùn." Mo ní, "Bwana, ilé yẹn ò fẹ́ wó." Ó ní, "Bó o bá ní ó fẹ́ wó, ta ló máa já ọ nírọ́? Màá kọ́ ilé òkúta fún ọ. Tìẹ. Ìwọ náà á máa gbé e." Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èmi ni ògiri tó lanu. Ilé tí gbogbo yín jókòó sí yìí, owó iṣẹ́ yẹn ni.

Ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ igi wò. Èyí tó le, bí o bá fi òòlù kàn án, á dún gbọnran. Èyí tó jẹrà kì í dún. Mo kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo dá wà lókè, gbọnran ni gbogbo wọn ń dún, àfi ẹyọ kan lókè ibi ìwẹ̀ tí omi ti bà jẹ́. Òun ni mo pè ọ́ wá gbọ́, Somoe. O ní, "Fundi, ṣé bí ìyókù ṣe rí nìyẹn?" Mo ní, "Ìyókù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ìyá rẹ wò mí títí. Ó ní, "Lali, ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?" Mo ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Bi Mwanaidi." Ó ní, "Ó dáa. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, mi ò ní kó jáde." Ẹ gbọ́ o! Ó gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin méjèèjì kó lọ sílé àbúrò bàbá rẹ lódìkejì ọ̀nà, ọkọ rẹ sì wà lójú òkun.

Mo ṣí orí ilé náà nígbà tí òjò ńlá ti ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ pa ilé nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri òkúta òkun kì í bẹ̀rù òjò tó ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ rí omi. O bẹ̀ mí pé, "Fundi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ilé ìyá mi." Mo jágbe mọ́ ọ pé ẹfun mi kò tíì gbó nínú kòtò, ṣé o fẹ́ kí n fi ẹfun tútù ba iṣẹ́ jẹ́ ni? O lọ yá tapólì wá. Mo so ó lójú rẹ, bó o sì ti yíjú padà, mo tú okùn rẹ̀. Omi wọ ògiri lọ. Nígbà tí ògiri ti mu omi yó, mo wá bá ọ pẹ̀lú ojú àánú. Mo ní ilé ti bàjẹ́ kọjá ohun tí a rò, kó o ta ìlẹ̀kùn náà kó má bàa bá a lọ. O sunkún, o sì gbà. O ò sọ fún ìyá rẹ.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ yọ ọ́. Èmi wà lójú ọ̀nà níbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti jà. Ìyá rẹ ní, "O ta ọ̀nà tí mo gbà wọlé ayé? Èmi ń padà sílé mi." Ìwọ náà gbaná jẹ, o pariwo pé, "Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ nígbà náà, kó wó lù yín!" Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. O yí ẹ̀yìn padà, o lọ.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, mo ti gbá ọ̀pọ̀ yín létí nítorí pé ẹ fọwọ́ kan férémù kí ẹ tó fi igi gbé ògiri òkè rẹ̀ ró. Ẹ rò pé ìmọ̀ ló ń mú mi le. Ẹ̀rù ni. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò fi igi kankan gbé e ró. Mo fẹ́ kó wó. Bí kò bá wó, bíríkìlà mìíràn á gun orí ilé náà lọ, á fi òòlù kan igi, á gbọ́ gbọnran. Famau káfíńtà àti àwọn tó fẹ́ bá a fi okùn fa férémù jáde wà níta, Jaffar ń pariwo pé omi òkun ti ń fà, ọkọ̀ òun fẹ́ gbéra. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé láti wo ibi tí òkúta máa dà sí. Mo rò pé Bi Mwanaidi ti padà sódìkejì ọ̀nà, àfi bí mo ṣe rí bàtà onígi rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tò wọ́n dáadáa bí ẹni tó bọ́ bàtà wọlé ara rẹ̀. Mo tẹ́tí. Ohùn rẹ̀ ń wá fẹ́ẹ́rẹ́ láti yàrá inú, ó ń ja tẹ̀súbáà.

Ká ní mo pariwo! Ká ní mo kàn wúkọ́! Mo gbọ́ Famau tó ń bọ̀, ó ń bi mí pé, "Lali, ṣé ó dá ọ lójú pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé?" Èèyàn tó ṣọ́ra ni Famau, bó bá rí bàtà yẹn, kò ní fa okùn kankan. Mo fi ẹsẹ̀ ti bàtà náà sábẹ́ agbọ̀n ẹfun. Ó dé, ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí nǹkan kan. Mo ní, "Ta ni ì bá wà níbẹ̀? Ẹ fà á." Wọ́n fà á. Férémù jáde, ògiri òkè rẹ̀ tẹ̀ lé e, òkè ilé wá dà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ìlẹ̀kùn ò ha rárá. Jaffar gbé e lọ.

Ọwọ́ la fi wú Bi Mwanaidi jáde. Èmi gan-an bá wọn wú u, mo ń sunkún, àwọn èèyàn sì ń dì mí mú, wọ́n ń sọ pé, "Fundi, ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ti kìlọ̀." Ilé onílé ni wọ́n ti wẹ òkú rẹ̀. Famau kú láìmọ ohun tó ṣe. Ìwọ ni ìlú wá ń fojú burúkú wò, wọ́n ní ẹnu rẹ ló pa ìyá rẹ. Ìwọ náà gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kó o gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni mọ́, àní sí àwọn ọmọ rẹ. Mò ń rí ọ, mò ń kí ọ, mò ń dákẹ́. Ìkà wo ló tún kù?

Lèmọ́mù, ẹ kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí mo bá kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tutọ́ sí mi lára bá mi láàyè. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn onílé ò lè rí inú ògiri, ojú wa ni wọ́n fi ń wò ó. Bó bá le, ẹ sọ pé ó le, kódà bí ẹnu onílé bá ti gún yín lọ́kàn rí.

Somoe, má tíì dìde. Mi ò ní kó o dárí jì mí nítorí pé mò ń kú lọ, bó o bá lè ṣe é, ṣe é, bó ò bá lè ṣe é, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi pa mọ́ fún ọ, òun ló ń dùn mí jù. Nígbà tó o bínú lọ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Mo rò pé á ṣépè ni. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Lali, ṣé o rí ọmọ mi? Bí ìyá mi ṣe máa ń bínú gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹja tó fẹ́ràn ni mo sè, bí ebi bá ti pa á, á wá mi wá." Kò bínú sí ọ rárá, Somoe. Ó jókòó sínú yàrá yẹn, ó ń retí kó o wá jẹun.