Ehoro Tó Dití

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Ohùn mi kò tó nǹkan mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí àbúrò ìyàwó mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn náà gbọ́, torí òun gan-an ni mo ṣẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tó sọ mí di olókìkí. A ó jẹ́ kí ohùn kan dún sí ehoro létí, a ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Tó bá yá, bó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, á ti ṣẹ́jú kí atẹ́gùn tó dé. Wáyà tín-ín-rín tí a kì bọ inú ọpọlọ rẹ̀ á jẹ́ ká gbọ́ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe ń ta pàrà-pàrà. Ehoro funfun kan ló mọ̀ ọ́n jù, òun ni mo fi gboyè.

Àbúrò ìyàwó mi yìí, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló ń tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, etí funfun yẹn ti di o. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀ títí, kò tiẹ̀ mira.” Mo fi ṣẹ̀rín, mo ní etí gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa di. Àṣé èjìká mi tó ń gbé sókè díẹ̀ bí mo bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ohùn náà dún ni ehoro náà ń wò, tó fi ń ṣẹ́jú. Nígbà tí mo fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo tẹ bọ́tìnnì náà, kò ṣẹ́jú, àwọn sẹ́ẹ̀lì dákẹ́ lọ gbáà.

Ká ní mo sọ òtítọ́ ni, ojú ì bá kàn tì mí ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ń bọ̀ wá wò ó. Mo fún ehoro náà ní oògùn oorun títí kò fi jí mọ́, mo sì sọ fún ọ̀gá ilé ìwádìí wa pé àbúrò ìyàwó mi yìí ló ṣi oògùn fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n ṣáà sọ pé òun ò fọwọ́ kàn án. Mo gbójú sílẹ̀. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́, ìyàwó mi náà lé e nílé.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Nígbà tí ìyàwó mi ń kú lọ, ó bi mí, “Ṣé òótọ́ ni pé àbúrò mi ló ṣe é?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ránṣẹ́ pè é.

Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, àbúrò yìí kan náà ló padà wá, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ mi báyìí. Bí mo bá ti gbọ́ sálúbàtà rẹ̀, ojú mi á ti pa dé kó tó wọlé. Nọ́ọ̀sì ní ìmọ́lẹ̀ iná ló ń yọ mí lẹ́nu. Iná kọ́. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, èmi ti pẹ́ jù.

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, dìde níbẹ̀, kí o máa bọ̀. Jẹ́ kí n gbìyànjú kí n lajú.