Mo Dojú Asà Ilé Rabenwerth Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin obìnrin tí a jọ ń ṣe àsàlátù, ara mi ti ń sọ fún mi pé ilé ti yá, n kò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ ń pè mí ní Ìyá Làtíìfù onínúure. Ẹ dákun, ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lórí mi ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe nínú ilé kan ní East Dulwich, nílùú òyìnbó níbí, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí.

Lẹ́yìn tí bàbá Làtíìfù kú, tí Làtíìfù fúnra rẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Kánádà, ó ku èmi nìkan nínú fúláàtì mi ní Peckham. Mo lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n má gbọ́ ohùn kankan àfi ti ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi fún mi ní iṣẹ́ care, ìtọ́jú arúgbó, pé kí n lọ máa gbé pẹ̀lú bàbá òyìnbó kan, Mr Ottmar Rabenwerth. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, ojú ọ̀nà Walworth ni, ṣùgbọ́n olọ́lá ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Bàfáríà, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún mi, ó ní, "Mìsítúrà, Graf ni wá." Mo ní, "Giraffe kẹ̀, Daddy? Ọlọ́rùn gígùn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní rárá o, Graf ni ìjòyè tí ọba fún ní ẹkùn kan pé kó máa ṣàkóso. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé tíì wọlé, màá ní, "Giraffe mi, ẹ káàárọ̀ o," òun náà á sì na ọrùn sí mi.

Ìtàn wọn dùn létí mi. Ó ní ilé olọ́lá pọ̀ létí odò wọn nígbà láéláé, kálukú pẹ̀lú ilé olódi tirẹ̀ lórí òkè. Wọ́n ń bára wọn jà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ilé tí ọkùnrin bá tán níbẹ̀, aládùúgbò á gbé ilẹ̀ rẹ̀ mì káló. Bí ẹni ìkẹyìn ilé bá sì kú, wọn á gbé asà ìdílé náà wá síbi ìsìnkú, wọn á dojú rẹ̀ dé, akéde á ké pé ilé yìí wà lónìí, kò tún sí mọ́ láéláé. Mo ní, "Daddy, èèwọ̀ ni ní Ìsẹ́yìn tiwa! Ẹnu èèyàn kì í kéde pé ilé parun. Bó ku ewúrẹ́ nìkan nínú agboolé, ilé ò ní parun là ń wí." Ó nawọ́ sí asà pákó kékeré tó wà lára ògiri, tí wọ́n ya ẹyẹ ìwò sí. Ó ní, "Èmi ni ìkẹyìn. Ìwọ ni wàá dojú ẹ̀ dé. Èdè rẹ ni kí o fi ké e."

Kì í ṣe pé kò bímọ rí. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin Jàmáíkà kan, bàbá Ottmar kọ̀ jálẹ̀, obìnrin náà sì gbé oyún lọ sí Birmingham, ó bí Malachi. Nígbà tí Ottmar wá wọn lọ, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ibà ti pa Malachi. Irọ́ ni, ó kàn fẹ́ kó máa lọ ni. Ottmar gbà á gbọ́, kò sì bí òmíràn.

Malachi ò kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tẹlifóònù dún, mo gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Mr Rabenwerth nìyí? Ọmọ rẹ̀ ni mí. Màmá mi ló sọ òtítọ́ fún mi kí wọ́n tó kú." Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí n fò sókè. Fúláàtì mi ni mo rántí, òkùnkùn tí yóò kí mi káàbọ̀ bí mo bá ṣí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bàbá rẹ̀, ṣé kò ní gbé e sọ́dọ̀ ni? Ta ni yóò wá máa na ọrùn sí mi láàárọ̀? Mo ní, "Ara bàbá ò yá, fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀. Ó tún pè, mo tún parọ́. Ọ̀dájú obìnrin ni mí.

Ìgbà tó ṣe, ó wá fúnra rẹ̀, ó mú òdòdó dání. Etí Ottmar gan-an ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Aunty, kí n ṣáà fojú kàn wọ́n." Mo dí ẹnu ọ̀nà bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe dí i. Mo ní, "Ó ní òun ò lọ́mọ." Ó ní, "Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ẹnu wọn ló ti jáde." Òtítọ́ ṣáà ni. Òtítọ́ ni mo fi gún un lọ́bẹ. Ottmar pè mí láti inú yàrá. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ bá a. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo rọra ní, "Àwọn oníwàásù ni, Daddy." Ó ní, "Sọ fún wọn pé ẹ̀pa ò bóró mọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dé ìta. Nígbà tí mo padà, òdòdó nìkan ni mo bá lórí àtẹ̀gùn.

Bí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ló burú jù, ẹ dúró. Ọjọ́ tí Ottmar ń kú lọ, kò ríran mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Malachi? Ìwọ lo wá mú mi?" Nọ́ńbà ọmọ náà wà nínú fóònù mi. Sydenham ló ń gbé, kò jìnnà. Mo ní, "Èmi ni, Dad." Ó fún ọwọ́ mi pọ̀, ó sì lọ. Níbi ìsìnkú, èmi àti àlùfáà àti àwọn agbókùú nìkan ló wà níbẹ̀. Mo gbé asà, mo dojú rẹ̀ dé lórí pósí. Mo ké e ní Yorùbá, "Ilé Rabenwerth wà lónìí, kò tún sí mọ́ láéláé!" Àwọn òyìnbó tẹrí ba, wọ́n rò pé àdúrà ni. Èmi tó mọ̀ pé àrólé wà láàyè, èmi náà ni mo fi ẹnu mi pa ilé onílé rẹ́.

Ọdún púpọ̀ kọjá, nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́. Yusrah, ọmọ Làtíìfù tó padà wá kàwé níbí, ló bá mi wá Malachi rí. Ó wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dìde mọ́, òun ló gbé mi dìde. Mo rò pé ìdáríjì nìyẹn. Ó ní, "Aunty, ẹ̀rín tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín." Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ. Bí mo bá pè é báyìí, kì í gbé e.

N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ṣe iṣẹ́ care, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn arúgbó yín, ẹ jẹ́ kí arúgbó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ilé òfìfo ni ẹ óò padà sí, ẹ padà. Èmi tí mo ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ náà ni mo padà sí.