Àgbo Èèpo Kajú Tí Mo Fi Pa Mọ́ fún Dókítà

Ẹ̀yin ará Bantè, ẹ sọ ẹrù dókítà wa kalẹ̀ lórí alùpùpù yẹn. Ọ̀gá tí ẹ ti Savalou wá mú un lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Òtítọ́ há mi lọ́fun, bí mi ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, yóò fún mi pa. Dókítà Moutiatou kọ́ ló ṣe Ìyá Salamatou, ìyá ìyàwó mi, léṣe. Èmi ni, èmi Siméon, baba Wassila, alágídí tí ẹ mọ̀.

Lọ́jọ́ tí àtọ̀gbẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní, "Bàbá Wassila, kí lẹ ń mu nílé?" Mo fi ọ̀yàyà dáhùn: àgbo èèpo kajú, èyí tó sọ mí di olókìkí títí dé Akpassi. Kàkà kó yìn mí, fóònù ló yọ. Ó ní àká kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn dókítà káàkiri ayé ń kó ìwádìí wọn sí. Ó kà á títí, ó ní, "Bàbá, èèpo yìí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, oògùn tí mo fẹ́ fún yín náà ń fà á. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ lè dákú. Ẹ fi àgbo sílẹ̀." Fataou ẹlẹ́nu ṣàkàṣàkà wà níjòókòó. Ó ní, "Fóònù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ baba!" Gbogbo aláìsàn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mi ò tíì dárí ji tíṣà tó nà mí tí mo fi sá kúrò nílé ìwé! Mo wá ń purọ́ fún dókítà pé mo ti fi àgbo sílẹ̀, mo sì ń mu méjèèjì, kí n lè fi hàn pé òfìfo ni àká rẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ mi, màá sá sábẹ́ igi kajú, màá máa lá oyin bí ọmọdé.

Ìyẹn ò tó ìkà. Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú Ìyá Salamatou pẹ̀lú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn dókítà yẹn, mo gbé àgbo lọ bá wọn. "Ìyá, dókítà ti gbà o." Wọ́n ní, "Fóònù ńkọ́?" Mo ní, "Ó ti bẹ̀ mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣa kajú ni wọ́n dákú sí. Dókítà fa omi ṣúgà sí wọn lára títí wọ́n fi lajú. Ó tún wo àká rẹ̀, ó ní, "Ìwọ̀n oògùn tí mo fún wọn kò yẹ kó gbé wọn ṣubú báyìí. Kí ni wọ́n tún mu?" Ìyá ò dárúkọ àgbo mi, wọn ò fẹ́ dójú ti àna wọn. Èmi ni mo pariwo pé, "Fóònù yín ló fẹ́ pa wọ́n!" Ariwo yẹn lẹ gbé kiri ìlú, òun náà ló gbé ọ̀gá wá láti Savalou.

Dókítà, ẹ foríjì mí, ẹ má lọ. Ìyá, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí dókítà bá bí yín nínú, ẹ bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ fún un, nítorí ara yín ni irọ́ náà máa bá jà. Dókítà, ẹ yọ fóònù yẹn. Ẹ kọ ohun tí àgbo mi ṣe síbẹ̀, kí àwọn dókítà ibòmíì lè kọ́gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ pé èèpo kajú Siméon lágbára. Fataou, o gbọ́? Ó lágbára! Ìwọ nìkan ni mi ò tíì dárí jì.