Ohùn Bàbá Ìbùkún Wà Nínú Fóònù Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè bú mi. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú jáde. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọbìnrin kan ń fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀. Ìyá náà ti sọ pé òun ò ní gbọ́wọ́ lé e lórí kó tó lọ, òun ò sì ní sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ní Bajulaiye níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí. Mi ò kàwé ẹnjiníà níbì kankan o, ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má pè mí bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò wa, oògùn kan ṣoṣo la ní fún kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣàìsàn, òun náà ni fọ́ọ̀mátì: ká nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, "Fọ́ọ̀mátì ẹ̀, jàre."

Ọkùnrin kan wà tí mo máa pè ní Bàbá Ìbùkún níbí. Orúkọ wọn gan-an kọ́ nìyẹn. Onítẹ̀wé ni wọ́n, ará etí òkun Oǹdó, wọ́n ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà, ìyàwó wọn sì ń yan ẹja tà níbẹ̀. Fíláàṣì tí àwọn oníbàárà ń gbé wá sílé ìtẹ̀wé máa ń kó fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà, ó sì ti ba ti Bàbá Ìbùkún jẹ́ rí. Ni ọ̀rẹ́ wọn kan bá bá wọn fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i dípò Windows, nítorí pé àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kì í ràn án. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń lò ó.

Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n á pe àwọn àgbà apẹja jókòó, wọ́n á gba orin wọn àti ìtàn bí wọ́n ṣe dé Èkó. Àwọn fúnra wọn á kọrin, wọ́n á gbàdúrà fún ìdílé wọn, wọ́n á sọ nípa ìlú wọn fún Ìbùkún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí àìsàn mú wọn lọ, kò síbòmíràn tí èèyàn ti lè gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan wọn ń bọ̀, Màmá Ìbùkún ní àwọn fẹ́ kí ẹbí gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kò fọhùn. Iná ìjọba tó dé pẹ̀lú agbára ti jó sáùndì káàdì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà. Òun àti Ìbùkún ló gbé e wá bá mi. Màmá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà.

"Ẹnjiníà, ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀ yìí o. Rọra bá mi ṣe é."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo ní Linux ò lè fún mi ní wàhálà. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo kàn ti rí i lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ni, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo fi káàdì tuntun sí i. Ó wá ku dírẹ́bà rẹ̀. Dírẹ́bà tí mò ń wí kì í ṣe awakọ̀ o, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti káàdì gbọ́ èdè ara wọn ni. Lórí Linux yẹn, títẹ̀ ni mò ń tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà dá káàdì mọ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ síwájú mi gbàgàdà. Dírẹ́bà wọlé. Sípíkà kò dún. Mo yọ dírẹ́bà, mo tún un fi sí. Kò dún. Mo pààrọ̀ sípíkà, kò dún náà.

Mo wá rò pé bóyá àwọn fáìlì ohùn náà ló bàjẹ́. Mo mú èyí tó kéré jù nínú wọn, mo gbé e sínú fóònù mi. Ó dún ketekete. Mo gbọ́ "wọ̀n, tú, wọ̀n, tú", mo sì pa á, torí mo ti rí ohun tí mò ń wá: kò sóhun tó ṣe àwọn fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibí yìí, torí ibẹ̀ ló ń dá mi lẹ́bi jù. Bí mo ṣe gbé ẹyọ kan, mo lè gbé gbogbo wọn.

Mi ò gbé wọn. Inú ti ń bí mi. Àwọn oníbàárà ń wò mí, èmi Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo wọn. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ní àdúgbò máa ń ṣe. Mo ní mo máa tún Linux náà kọ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní fọwọ́ kan ibi tí àwọn ohùn wà. Ó dé ibì kan, ó bi mí bóyá kí òun lo gbogbo díìsìkì, ibi tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ wà. Mi ò kà á dáadáa. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó parí, fódà Bàbá Ìbùkún kò sí mọ́. Kò sì tún dún síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ìgbéraga sílẹ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn tó mọ iṣẹ́ náà. Mo ṣàlàyé, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti wo mixer ẹ̀?"

"Mixer wo?"

"Guy, ó ti wà lórí mute látilẹ̀ ni. Ṣí i, wàá rí M méjì nísàlẹ̀ ẹ̀. Tẹ M kan, ó parí."

Mo ṣí i. Ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè tàbí pa á lẹ́nu ni, M méjì sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, sípíkà dún. Kò sí nǹkan tó ṣe dírẹ́bà láti ọjọ́ tí mo ti fi sí i. Ẹ̀rọ yẹn ló pa káàdì tuntun lẹ́nu mọ́, ó ń retí kí èèyàn là á lẹ́nu. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe nu ohùn òkú ọ̀run nù. Mo wá ọ̀nà láti rí àwọn fáìlì náà padà, mo ti kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí, ẹyọ kan ò jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ká ní ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́, n kì bá máa kọ̀wé sí yín lónìí. Nígbà tí ìyá àti ọmọ dé, ẹ̀rù bà mí, ìtìjú sì mú mi. Mo ní, "Màmá, fódà yẹn ti ṣófo nígbà tó dé ọwọ́ mi o. Ó jọ pé wọ́n ti pa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́." Mo rò pé wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mi ò rántí pé ẹlòmíràn ń lo kọ̀ǹpútà náà. Màmá yíjú sí ọmọ wọn.

"Ìbùkún, ṣebí ìwọ lo sọ pé o pa àwọn nǹkan kan rẹ́ torí pé àyè ò sí?"

"Mummy, movie ni mo pa rẹ́. Mi ò fọwọ́ kan ti Daddy."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ọmọ náà wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ nǹkan. Wáyà ni mò ń ká.

"O pa bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì," Màmá sọ. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò sì gbé ìpè rẹ̀. Ìbùkún kó kúrò nílé, ó di nọ́ọ̀sì, ó ń gbé ní apá Igbóbì. Màmá Ìbùkún wá ń bọ̀wọ̀ fún èmi. Wọ́n ní olóòótọ́ èèyàn ni mí torí pé mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn lórí iṣẹ́ náà. Bí ọdún bá dé, wọ́n á fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí ilé mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹ ẹ́. Èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbùkún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ sílùú òyìnbó, ọjọ́ ìrìn àjò ti sún mọ́lé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó jókòó.

"Brọ́dà, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ bi yín léèrè ni. Ṣé kò sí software kankan tó lè gbé ohùn Daddy padà?"

Mo ní kò sí.

"Mo ti rò ó títí. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo pa á rẹ́ lóòótọ́ tí mi ò mọ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rántí bí ohùn wọn ṣe rí mọ́. Tí mo bá gbìyànjú, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́."

Fóònù mi wà nínú àpò ṣòkòtò mi, fáìlì kékeré ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ibi tó jókòó sí kò jìnnà ju kí n nawọ́ fóònù sí i lọ. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó sì dé ibẹ̀ láyọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí fáìlì náà, mo sì tẹ́tí sí i dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ti rò ó pé kí n fi nọ́ńbà mìíràn fi í ránṣẹ́ sí Ìbùkún láìdárúkọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní wẹ ọmọ náà mọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá á kàn ní ọmọ ló fi pamọ́. Mo ti rò ó pé kí n dúró kó kọ́kọ́ lọ ná, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń sọ ìyẹn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé ìyá ni àbí ọmọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tí mo jẹ ẹja rẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà nìyí. Bàbá Ìbùkún ń dán maikirofóònù wò. Wọ́n ní wọ̀n, tú, wọ̀n, tú. Wọ́n wúkọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi èdè àwọn ará etí òkun pe ọmọ wọn, ó jọ pé ó wà nínú yàrá kejì: "Ìbùkún, ọma mi, ṣé ò ń gbọ́ mi níbẹ̀ yẹn?"

Wọ́n dúró díẹ̀ kó dáhùn. Fáìlì náà sì parí.