Ike Kọkàndínlógún Tó Wà Lábẹ́ Ìrọ̀rí Mi

Ẹ jókòó, ẹ má dá mi lẹ́kun. Ọba tó rí ìsàlẹ̀ òkun ló ń pè mí bọ̀, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí dé iwájú Rẹ̀. Àná mi tó wà lẹ́wọ̀n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni ọ̀daràn.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ọgbà etíkun, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rì sábẹ́ omi lọ wo ẹja. Ẹni tó bá sanwó àṣẹ, màá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, màá so ike pupa tó ní nọ́ńbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá jáde, màá gbà á, màá fi kọ́ sára ìṣó lórí pátákó. Bí gbogbo ìṣó bá kún, kò sẹ́ni tó kù nínú omi nìyẹn. Kí lèmi olójúkòkòrò wá ṣe? Mo gé ike mìíràn, mo kọ nọ́ńbà kan náà sí i, mò ń fi í fún àwọn tí mi ò kọ orúkọ wọn, owó wọn sì ń bọ́ sápò mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tíṣà obìnrin kan gba kọkàndínlógún ayédèrú. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ so ó dáadáa o, kí ẹja má bàa gbà á." Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, àná mi, tó ń wa ọkọ̀ wọn, pè mí láti etí omi: "Àbúrò, ṣé gbogbo wọn ti dé? Mi ò rí tíṣà yẹn. Mo fẹ́ padà lọ wò ó." Gbogbo ìṣó ló kún, kọkàndínlógún tòótọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ní: "Ẹ̀yin àná mi, obìnrin ni ẹ̀ ń wá! Ọkọ̀ kejì ló bá dé. Àbí ẹ mọ̀ ju pátákó lọ ni?" Ó mirí, ó so ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé mo gbàgbé ayédèrú tí mo so mọ́ tíṣà lọ́wọ́. Mo rántí! Mo mọ̀ pé àṣírí á tú bó bá padà lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni omi gbé òkú tíṣà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ daṣọ bò ó. Mo fi ọ̀bẹ gé ike náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé kò gbàṣẹ, pé àná mi ló yọ́ gbé e wọ òkun láìsanwó, pé kò bi mí ní nǹkan kan. Ìyá tíṣà ké: "Ọmọ mi tó ń dá ṣéńjì padà fún ọlọ́jà! Òun lẹ̀ ń pè lólè?" Mo gbowó lọ́wọ́ ẹni, mo pa á, mo tún bà á lórúkọ jẹ́! Ṣé èèyàn nìyẹn?

Ike náà rèé, ẹ gbé e lọ fún adájọ́ lónìí. Kí ẹ sì sọ fún ìyá tíṣà pé ọmọ rẹ̀ sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ṣíbí fún mi lómi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ yín ni mo tì mọ́lé. Ẹ forí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀, kí ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún un.