Àsíá Bàbá Duaij

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n Moza, ẹ má sún kọfí yẹn sọ́dọ̀ mi! Mo ti rí i. Láti ìgbà tí mo ti bù ú fún yín ni ẹ ti gbé e kalẹ̀ tí ẹ ò fẹnu kàn án. Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ni? Ṣé mi ò mọ̀ pé àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ tí kò mu ún, ẹ̀bẹ̀ ló wà níkùn rẹ̀, kò sì ní mu ún títí onílé á fi ní òun gbọ́, òun gbà? Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi! Ẹ gbéra láti Kùwéètì, ẹ ò tíì sinmi, ẹ ò tíì béèrè àlàáfíà mi, ẹ ti fi kọfí dè mí mọ́lẹ̀. Ó dáa. Kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ tẹnu mi lónìí, ẹ máa gbọ́ ọ yó.

Ẹ ní kí n bá ọkọ mi, Bàbá Duaij, sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí Wadha ọmọ wa fẹ́ Barjas. Kí n bá a sọ̀rọ̀! Wàláhì, ta ló bá a sọ̀rọ̀ tó mi? Ẹ bi àwọn ará ilé kejì, wọ́n á sọ fún yín bí mo ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ohùn mi há! Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dùn tó èmi tí mo ti ròyìn ká gbogbo ẹbí pé ọmọ mi ti rí ọkọ, ọmọ tó kàwé, ọmọ àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ilé tí a mọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín fi ọwọ́ sọ̀yà fún mi pé kò sí irú rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí àwọn àna ń bọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti wà nídìí iná. Odidi àgùntàn ni mo sè sí ìrẹsì, mo fi ọsàn gbígbẹ sí i, mo wọ́n omi òdòdó sí i, mo ránṣẹ́ ra haluwa, àdídùn wa, ní ìlú Muharraq, nítorí mi ò fẹ́ kí Ìyá Barjas délé kó ní wọn ò mọ oúnjẹ sè níhìn-ín. Mo wá ní kí Bàbá Duaij mú àwọn àlejò jáde díẹ̀ kí ìkòkò tó sọ̀. Mo ní kó mú wọn lọ sétí òkun, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ló kó wọn lọ?

Pápá eré mọ́tò!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà kúkú mọ àìsàn ọkùnrin yìí. Aṣálẹ̀ tí bàbá wa máa ń pàgọ́ fún wa sí nígbà òtútù, tí a máa ń sáré lórí iyanrìn níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n la ọ̀nà eré mọ́tò sí, láti ọjọ́ náà sì ni ọkọ mi ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ju àsíá fún àwọn awakọ̀. Kò gba owó, fílísì kan báyìí. Oòrùn á máa pa á lórí, yóò dúró síbi kọ́nà kan bí ìlẹ̀kùn, ariwo mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí tán. Aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí lè rún, àsíá rẹ̀ kì í rún, inú búùtù mọ́tò rẹ̀ ló ń ká wọn sí. Bí Duaij ọmọkùnrin wa bá yájú sí i nínú ilé, á ní, "Àsíá dúdú nìyẹn, jáde." Bí mo bá ń bá a jà, á ní kí n rọra, àsíá yẹ́lò ti wà níta. Irú ilé wo nìyí?

Ó kó àwọn àlejò lọ síbẹ̀ bí ẹni pé ààfin ọba ni. Ó mú wọn gun ilé gogoro, ó fi ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà hàn wọ́n, ó ní kí Ìyá Barjas gun àkàsọ̀ tí àwọn olúborí máa ń dúró lé, wọ́n ya fọ́tò. Ó wá fi kọ́nà tirẹ̀ hàn wọ́n, ó ní, "Ibí ni mo máa ń dúró sí." Kí ni obìnrin Kùwéètì fẹ́ fi kọ́nà ṣe? Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ wọ àwọn mọ́tò kéékèèké tó jókòó sílẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi ń dá àwọn àlejò lára yá. Duaij wọ ọ̀kan, Barjas wọ ọ̀kan, Wadha náà wọ ọ̀kan. Mi ò sí níbẹ̀ o! Èmi wà nílé, mò ń ṣí ìdérí ìkòkò, mò ń dé e.

Wọ́n dé. Mo gbé àwo ńlá kalẹ̀, ooru rẹ̀ ń lọ sókè. Bàbá Duaij kò jókòó. Ó ní, "Barjas, ọmọ mi, bọ́ọ̀sí, jẹun, ilé yín nìyí. Ṣùgbọ́n o ò ní fẹ́ ọmọ mi." Gbogbo wa wò ó. Mo bi í pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́? Ó ní, "Mo ju àsíá yẹ́lò sí i, ó rí i, ó kọjá." Ó tán! Àsíá yẹ́lò, pé ewu ń bẹ lọ́nà, kí awakọ̀ rọra, kí ẹnikẹ́ni má ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyá Barjas dìde pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, òkèlè kan kò dé ẹnu rẹ̀. Odidi àgùntàn, Ẹ̀gbọ́n Moza! Ọ̀rá rẹ̀ dì níṣojú mi.

Yéè! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mi. Mo ní nítorí aṣọ pélébé kan tí wọ́n so mọ́ igi? Mo ní kó lọ fi àsíá ṣaya. Mo ju kúbùsù rẹ̀ sí yàrá àlejò. Ẹ̀yin náà pè mí lórí fóònù, ẹ ní gbogbo ilé yín ní Kùwéètì ti ń pè é ní Bàbá Aláàsíá, pé Barjas a máa mú aṣọ ìnuwọ́, á máa jù ú sókè láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin gan-an ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Mo sọ fóònù kalẹ̀, mo lọ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. "Bàbá Aláàsíá, oúnjẹ rẹ rèé." Ó jẹun, ó ní Ọlọ́hun a bù sí i.

Wadha ń tiro. Ó ní òun tàsé àkàsọ̀ nílé gogoro. Mo tún dá a lẹ́bi pé kí ló dé tí kò sunkún fún bàbá rẹ̀, ọkọ ń lọ, ó ń wò ó. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Mo ní ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń ṣe é.

Kò pé, kò jìnnà, àná ni mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀. Ìgbálẹ̀ kọ́ nǹkan lábẹ́ ibùsùn, nínú ọ̀rá. Bàtà funfun tí mo rà fún un nítorí àwọn àna ni. Ẹ gbà, ẹ wò ó. Ẹ má wo ojú mi, bàtà ni kí ẹ wò! Kí lẹ rí lókè ọmọ ìka yẹn? Ipa táyà ni. Dúdú, ó là á kọjá, awọ rẹ̀ bẹ́. Mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ, mo ní kí nìyí? Ọmọ tí kò sunkún láti ọjọ́ yìí, ó bú sẹ́kún.

Mọ́tò rẹ̀ ló kú síbi kọ́nà, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ rí i láti ẹ̀yìn irin, ó fi ọwọ́ méjèèjì ju àsíá, ó ń pariwo. Duaij rí i, ó tẹ búréèkì. Barjas tó wà lẹ́yìn Duaij, tí Duaij ti ń fìyà eré jẹ láti òwúrọ̀, ó rí i pé Duaij rọra, ó ní àyè ti yọ. Ó kọjá! Ẹ̀gbọ́n mi, ó kọjá! Wadha ní ojú àwọn ṣe mẹ́rin nínú akoto. Barjas rí ọmọ mi lójú ọ̀nà, ọmọ tó fẹ́ fẹ́, ó sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ? Kì í ṣe pẹ̀lẹ́ o. Ó ní, "Ta ló borí? Èmi ni mo borí!" Lẹ́yìn ìyẹn ló wá yíjú sí i, ó ní kí ló ń dúró ṣe lójú ọ̀nà.

Wadha ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má sọ fún mi, pé àlejò ni wọ́n, kí ojú má tì wọ́n nínú ilé wa. Ọkùnrin yẹn sì gbà. Ó gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àsíá, ó ń gba èébú mi. Èébú èmi ìyàwó rẹ̀! Ó ń dùn mí, ó ń ta mí lára bí ata.

Ẹ̀gbọ́n Moza. Kí lẹ ń wò nílẹ̀?

Ẹ gbójú sókè. Mo fi bàtà hàn yín, ẹ ò bi mí pé ẹsẹ̀ ọmọ ń kọ́? Ẹ ò ní háà? Ẹ mọ̀. Ọlọ́hun ọba, ẹ mọ̀! Barjas ti sọ fún yín. Kí ló ní ó jẹ́? Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè. "Ẹsẹ̀ lásán"? Ẹsẹ̀ lásán! Wadha tí ẹ̀yin fúnra yín pọ̀n, tí ẹsẹ̀ yẹn ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí yín! Ẹ mọ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹ wọ bàálù, ẹ wá gbé kọfí sílẹ̀ fún mi.

Ẹ mú ife yẹn wá. Ẹ mú un wá, mo ní! Ó ti tutù. Ó dà nù nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ yín bá a lọ. Tuntun rèé, ó gbóná. Ẹ mu ún, ọmọ ìyá mi ni yín, mi ò lè fi òùngbẹ lé yín jáde. Ẹ mu ún bí àlejò tí kò wá tọrọ nǹkan kan.

Tí ẹ bá mu ún tán, ẹ gbé bàtà yìí dání lọ fún Barjas. Àrokò ni. Bí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó bi ìyá rẹ̀.

Ẹ gbọ́? Mọ́tò Bàbá Duaij ló ń wọlé yẹn. Kúbùsù rẹ̀ ti padà sí yàrá mi láti àná. Ẹ dìde, ẹ kí i dáadáa. Tí ẹ bá sì dé Kùwéètì, tí wọ́n bá tún ń ju aṣọ ìnuwọ́, ẹ bá mi kí wọn o, ẹ ní Ìyàwó Aláàsíá ló ní kí ẹ kí wọn.